Ejò Olówó Pọ́ọ́kú Tí Kò Wọ́pọ̀: Àwa Àgbẹ̀ La Ń San Ìyókù Owó Rẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti oògùn apakòkòrò. Ọ̀rọ̀ ejò ni. Kì í ṣe ejò tí a ó fi àdá lé o. Ejò tí àwọn èèyàn ń fowó rà ni, tí wọ́n ń fi sínú àpótí nílé, tí wọ́n ń bọ́ bí ẹni ń bọ́ ológbò. A mọ̀ pé àwọn kan á ti fẹ́ fò ó kọjá báyìí. Ẹ dákun, ẹ dúró díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan oko yín, ó kan àká yín, ó sì kan àpò yín.

Èèyàn méjì là ń bá wí. Ẹni kìíní ni ọ̀dọ́ tó wà lókè òkun, bóyá ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni tó wà ní London tàbí Houston, tó fẹ́ sin ejò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò ní, ṣùgbọ́n tí owó ọwọ́ rẹ̀ ò pọ̀. Ẹni kejì ni àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò tó ń gbẹ́ ejò náà nínú oko nílẹ̀ wa níbí, tó ń tà á fún alágbàtà. Àwọn méjèèjì ò mọ ara wọn rí, ṣùgbọ́n ọrùn ejò kan náà ni ọwọ́ wọn ti pàdé.

Ohun tí a fẹ́ sọ ò gùn: tí ejò kan bá ṣọ̀wọ́n, tó tún wá pọ́ọ́kú, ẹnì kan ti san ìyókù owó rẹ̀ níbì kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, àgbẹ̀ ni ẹni yẹn. Ó ti tó gẹ́ẹ́.

BÍ ỌJÀ NÁÀ ṢE Ń LỌ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ere. Kì í ṣe òjòlá ńlá tó ń gbé ewúrẹ́ mì là ń sọ o. Ere kékeré ni, èyí tí kì í sábà gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ, tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bíi bọ́ọ̀lù, tí á wá fi orí pamọ́ sáàárín tí ẹ̀rù bá bà á. Láti Sẹ̀nẹ̀gàl títí dé Uganda ló ń gbé, ó sì wà nínú oko tiwa náà. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló ń kó o ránṣẹ́ sókè òkun jù: Tógò, Benin àti Gánà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀pọ̀ ọdún ni.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn títí di ìgbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń wá a á máa rìn láti oko dé oko. Ihò eku ni wọ́n ń wò, òkìtì ọ̀gán ni wọ́n ń wò, torí ibẹ̀ ni abo ere máa ń sá sí tó bá fẹ́ yé ẹyin. Wọ́n á gbẹ́ ihò náà títí wọ́n á fi kàn án. Wọ́n á mú ìyá, wọ́n á kó ẹyin. Ẹyin ọ̀hún kì í sì í pọ̀ rárá: mẹ́rin, mẹ́fà, bóyá mẹ́wàá. Ìyá á ká mọ́ ọn fún nǹkan bí oṣù méjì, kò ní jẹun, kò ní kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ ihò yẹn lọ́jọ́ náà, ìran méjì ló kó sínú àpò lẹ́ẹ̀kan.

Láti ibẹ̀, ó di ọwọ́ alágbàtà. Láti ọwọ́ alágbàtà, ó di ọwọ́ ẹni tó ní ọgbà ejò. Wọ́n á jẹ́ kí ẹyin pa, wọ́n á kó àwọn ọmọ sínú àpò aṣọ, ó di pápákọ̀ òfurufú. Nínú gbogbo owó tó wà lójú ọ̀nà yẹn, ti ẹni tó gbẹ́ ihò ló kéré jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta kòkó mọ irú ọjà bẹ́ẹ̀ dáadáa, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹni tó làágùn jù ló ń gba kékeré jù.

Lókè òkun wá ńkọ́? Ní 1992, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Bob Clark rí ọmọ afín ere pa nínú ọ̀sìn rẹ̀, òun sì ni wọ́n mọ̀ sí ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe é. Ojú là. Àwọn èèyàn rí i pé ere tí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣàrà ọ̀tọ̀ ń pa owó ńlá wọlé, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sin ere bí a ṣe ń sin adìyẹ. Lónìí, ere tí wọ́n pa sínú ilé kún ọjà wọn fọ́fọ́, owó rẹ̀ sì ti já wálẹ̀. Ẹni bá fẹ́ ere, kó yáa ra èyí tí wọ́n sìn nílé. Kò sí ìdí kankan mọ́ tó fi yẹ kí wọ́n wá gbẹ́ oko wa nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọmọ aráyé. Ohun tí gbogbo èèyàn bá ti ní, kì í wu wọ́n mọ́. Ọ̀dọ́ tó rí ere lọ́wọ́ gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní, "Ẹ fún mi ní èyí tí kò wọ́pọ̀, àmọ́ kó má wọ́n o." Gbólóhùn yẹn gan-an là ń bá jà. Nítorí ọ̀nà méjì péré ni ejò fi lè ṣọ̀wọ́n kó sì pọ́ọ́kú. Ọ̀nà kìíní: wọ́n sìn ín nínú ilé, ó rọrùn láti sìn, àwọn èèyàn ni ò tíì mọyì rẹ̀. Ọ̀nà kejì: wọ́n gbẹ́ ẹ nínú oko ẹnì kan, wọn ò bọ́ ọ, wọn ò tọ́ ọ, wọ́n kàn kó o ni. Èyí àkọ́kọ́ dára. Èyí ìkejì, ìjẹkújẹ lórí oko wa ni.

EJÒ MẸ́TA TÓ TI Ọ̀DỌ̀ WA LỌ

Kó má baà dà bíi pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán là ń sọ, ẹ jẹ́ ká mú ejò mẹ́ta tí wọ́n máa ń fi lọ ẹni tí owó rẹ̀ ò pọ̀. Gbogbo wọn ló wà nílẹ̀ wa.

Ìkíní ni èyí tí wọ́n fi orúkọ ìlú Calabar pè. Nínú ìwé àwọn onímọ̀, Calabaria ni. Ejò ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni, abẹ́ ewé jíjẹrà nínú igbó ló ń gbé, láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà títí dé Kóńgò. Kì í sábà gùn ju mítà kan lọ. Dúdú bíi pákó tó ti rẹ omi ni, pẹ̀lú àmì pupa káàkiri ara rẹ̀. Ìrù rẹ̀ ṣe kùmọ̀kùmọ̀ bíi orí, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé olórí méjì ni. Tí nǹkan bá fẹ́ pa á, á gbé ìrù sókè, á fi orí pamọ́. Kì í bu èèyàn jẹ. Oúnjẹ rẹ̀ ni ọmọ eku tó wà nínú ìtẹ́. Á wọnú ihò tọ̀ wọ́n lọ, á máa gbé èyí kan mì bó ṣe ń fi ara tẹ ìyókù mọ́ ògiri ihò.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: ẹyin kan sí mẹ́rin péré ló ń yé lẹ́ẹ̀kan. Adìyẹ tó bá ń yé ẹyin mẹ́ta lọ́dún, ta ló máa fi ṣe òwò nínú yín? Àwọn tó ń rí i sìn títí tó fi yé ẹyin nílé ò pọ̀, torí náà, púpọ̀ nínú èyí tó wà lọ́jà, inú igbó ni wọ́n ti kó o. Ó pọ́ọ́kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n aràn wà nínú rẹ̀, eégbọn wà lára rẹ̀, ìnira ọ̀nà ti sọ ọ́ di aláìsàn. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní jẹun. Ọmọ tó fi owó kékeré rà á á sì wá máa náwó lé dókítà ẹran lórí ju owó ejò lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, ejò á tún kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹni tó bá ní kò ní náwó, kò ní jẹ ọbẹ̀ náà.

Ìkejì ni ejò tó ń jẹ ẹyin. Kò ní oró, eyín gan-an ò sí lẹ́nu rẹ̀ tó nǹkan. Ẹyin ẹyẹ nìkan ló ń jẹ. Á la ẹnu gbé ẹyin odindi, egungun kan tó yọ ṣónṣó lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ á fọ́ ọ, á gbé omi rẹ̀ mì, á pọ èèpo dànù. Tí ẹ̀rù bá bà á, á máa fi ara ha ara, á máa dún ṣìììì bíi paramọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pa á lápajù. Ẹni tó ń tà á á ní, "Owó rẹ̀ kéré, kò sì nílò eku, ẹyin lásán ni." Ẹ wo irọ́ tó fara jọ òótọ́! Ẹyin adìyẹ ti tóbi jù fún púpọ̀ nínú wọn. Kékeré nínú wọn ò lè gbé ẹyin àparò gan-an, àfi ẹyin ẹyẹ wẹ́wẹ́. Níbo ni ọmọ tó wà ní yàrá kan ní London ti fẹ́ rí ẹyin ẹyẹ wẹ́wẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ebi ló máa pa ejò náà. Owó kékeré tó fi rà á, owó ìsìnkú ni.

Ìkẹta ni ejò ilé. Ẹ ti rí i rí, bí ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lórúkọ. Boaedon ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ara rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí ilẹ̀ amọ̀, ó ń dán, ìlà funfun tàbí ìyeyè méjì sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ọ̀kan á gba ojú kọjá. Abo ló máa ń tóbi ju akọ lọ, ó lè tó mítà kan. Kò ní oró. Alẹ́ ló ń jáde, èkúté ló ń lé kiri inú ilé àti abà. Èyí ni ejò tí a bá ẹni tí owó rẹ̀ ò pọ̀ mú. Ìdí rẹ̀ ni pé ó ń jẹun dáadáa, àpótí rẹ̀ ò ní láti tóbi, kì í ṣàìsàn bọ̀ọ̀rọ̀, abo á yé ẹyin bíi 8 sí 15 lẹ́ẹ̀kan, á sì lè yé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sìn ín nílé lókè òkun. Ọmọ rẹ̀ tí wọ́n pa sínú ilé wà, kò wọ́n, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní i.

Ṣẹ́ ẹ rí i báyìí? Ẹni tó ń wá ejò tí kò wọ́pọ̀ pẹ̀lú owó kékeré, ìdáhùn ti wà nílẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀. Kò sídìí kó wá gbé ìṣẹ́ rẹ̀ lé oko wa lórí.

OHUN TÍ OKO Ń PÀDÁNÙ

Àgbà ní bí ológbò bá lọ sí àjò, ilé á di ilé èkúté. Ejò inú oko yín, ológbò ni. Ológbò tó ń wọ ihò ni. Ológbò inú ilé á dúró lẹ́nu ihò, á máa wò. Ejò á wọlé tọ ìyá àti ọmọ lọ, á parí ọ̀rọ̀ náà kí àwọn ọmọ tó lajú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Eku kan wà tó ń wọ ilé tó tún ń wọ oko, ọmú àyà rẹ̀ lè tó 24. Oyún rẹ̀ ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti díẹ̀ lọ, ó sì lè bí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Eku yìí kan náà ló ń gbé ibà Lassa kiri, ibà tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ní 1969 nílùú Lassa ní Borno, tó wá ń yọ ìpínlẹ̀ Òndó àti Ẹdó lẹ́nu ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. A ò sọ pé ejò ni oògùn ibà Lassa o. Ẹ má lọ gbé e kiri pé a sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tó ní irú eku báyìí lágbègbè, tó tún wá ń ta ẹni tó ń bá a jẹ ẹ́, kò tíì ṣírò tán.

Nínú oko ńkọ́? Ẹ gbin àgbàdo, eku hú u kó tó hù. Ẹ kó iṣu sí àká, eku ti gbẹ́ ẹ láti ìdí. Ọ̀pẹ kékeré tí ẹ fowó rà, wọ́n ti jẹ ọkàn rẹ̀. Ẹ wá lọ ra májèlé eku lọ́jà. Eku tó jẹ ẹ́ kú sórí àjà, ó ń rùn. Adìyẹ gbé òkú eku jẹ, adìyẹ kú. Ajá tẹ̀ lé e. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, eku tún padà, ẹ tún lọ ra májèlé. Ejò tí ẹ tà ní ẹ̀ẹ̀kan, kì í gba owó oṣù, kì í jẹ àgbàdo, kì í nílò abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọdún mélòó ló fi lè ṣe iṣẹ́ yẹn? Ere kan wà ní ọgbà ẹranko ìlú Saint Louis ní Amẹ́ríkà, láti 1961 ló ti wà níbẹ̀. Ní 2020, nígbà tí wọ́n ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ sí nǹkan bí ọdún 62, ó yé ẹyin méje. A mọ̀ pé tinú oko kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìdá mẹ́ta rẹ̀ ṣírò, ẹ wo iye eku tó máa jẹ.

Ní Ouidah, nílẹ̀ Benin, wọ́n kọ́ ilé fún ere, àwọn ará ibẹ̀ kì í pa á. Tó bá ṣèèṣì wọlé ẹnì kan, wọ́n á rọra gbé e padà. Orílẹ̀-èdè kan náà ni wọ́n ti ń kó o sínú àpò lọ sókè òkun. Ẹ ò ní láti bá wọn ṣe ẹ̀sìn wọn kí ẹ tó mọ̀ pé àwọn ará Ouidah mọ ohun tí wọ́n ní nílé.

"ÀWỌN KAN Á NÍ..."

Àwọn kan á ní: "Ejò ni ejò. Pa á, kó o máa bá tìẹ lọ." Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ fi ṣèbé sílẹ̀ nínú yàrá ọmọdé. Ọká, paramọ́lẹ̀, ṣèbé, ìwọ̀nyí lè pa èèyàn, ẹ jìnnà sí wọn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ewédú àti koríko kò yẹ kó sọ pé òun ò lè mọ ìyàtọ̀ ejò. Bó bá sì dá yín lójú pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ má pa á, ẹ má mú un. Ẹ yẹra.

Àwọn kan á ní: "Ebi ń pa wá. Owó ni owó." Ọ̀rọ̀ gidi nìyí, a ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ò tíì san owó ilé ìwé, tí ẹnì kan wá ní kó gbẹ́ ihò kan kó gba owó lọ́wọ́, ó ṣòro kó kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ló máa ń gé igi kòkó tó ṣì ń so, tó máa tà á fún oníṣòwò igi ìdáná? Owó igi ìdáná á wọlé lónìí, ó dájú. Lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ẹ tún wo ewu tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ wá ejò Calabar lábẹ́ ewé lè pàdé ejò dúdú kékeré mìíràn tó ń gbé abẹ́ ilẹ̀ bíi tirẹ̀. Eyín oró rẹ̀ máa ń yọ gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu láìla ẹnu, torí náà, bí ẹ bá tiẹ̀ di ọrùn rẹ̀ mú bí àwọn ọlọ́dẹ ṣe ń ṣe, á ṣì gún yín níka. Oògùn aporó tó wà fún paramọ́lẹ̀ àti ṣèbé ò ran tirẹ̀. Ìka tó bá kú ò lè di ọkọ́ mú mọ́. Èló ni wọ́n ń san fún yín tó fi tó ìka?

Òfin náà ńkọ́? Ere àti Calabar wà lára àwọn ẹranko tí àdéhùn àgbáyé CITES ń ṣọ́, àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1973. Wọn ò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ. Nàìjíríà náà ní òfin tirẹ̀ lórí òwò ẹranko tó ṣọ̀wọ́n láti 1985, wọ́n sì tún un ṣe ní 2016. Tí wọ́n bá wá dá ọkọ̀ dúró ní Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdìrókò, tí wọ́n tú àpò, ta ni wọ́n máa mú? Ṣé ọmọ tó ń dúró de ejò ní Houston ni, àbí alágbàtà tó ń fi fóònù pàṣẹ? Dírẹ́bà ni, àti àgbẹ̀ tó gbé ẹrù náà wọlé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí.

Àwọn kan tó ń ṣe òwò náà á ní: "À ń dá ìyá padà sínú igbó, à ń dá díẹ̀ nínú ọmọ padà." Ó dára. Sínú igbó wo? Ihò tí ẹ wó, ta ló tún un kọ́? Oko tí ẹ ti mú un, ṣé ibẹ̀ náà lẹ dá a padà sí? Àgbẹ̀ mélòó lẹ pè kó wá ṣẹlẹ́rìí sí i? Àjọ àgbáyé IUCN tó ń ka ẹranko ti gbé ere sí ipò ẹranko tó ti ń sún mọ́ ewu. Ká ní ohun tí wọ́n ń mú ni wọ́n ń dá padà lóòótọ́, kí ló gbé e débẹ̀?

Àwọn kan á sì ní: "Sísin ejò, ìranù àwọn òyìnbó ni." A ò gbà. Ẹni tó sin ejò kan rí kì í fi àdá lé gbogbo ejò mọ́. Ó ti mọ èwo ni ọ̀rẹ́, èwo ni ọ̀tá. A ò bá ẹni tó fẹ́ràn ejò jà. Ẹni tó fẹ́ràn ejò, tí kò wá béèrè ibi tó ti wá, òun là ń bá jà.

KÍ LÓ WÁ KÙ KÁ ṢE?

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí ẹbí lókè òkun tó fẹ́ ra ejò, ẹ fi eléyìí ránṣẹ́ sí i:

1. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: "Ta ló pa á? Níbo ni ìyá àti bàbá rẹ̀ wà? Jẹ́ kí n rí wọn." Ẹni tó sin ejò fúnra rẹ̀ á fi hàn ẹ́ tayọ̀tayọ̀. Ẹni tó bá ń ká ọ̀rọ̀ mọ́nu, fi ejò rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

2. Ọ̀rọ̀ pé "ọgbà ni wọ́n ti pa á" kò tó. Ẹyin tí wọ́n gbẹ́ nínú oko ní Tógò, tí wọ́n wá jẹ́ kó pa nínú ọgbà, oko ló ṣì ti wá. Béèrè bóyá ilé ni ìyá rẹ̀ ti yé e.

3. Sọ pé kí wọ́n bọ́ ọ lójú rẹ. Ejò tó bá ń jẹ òkú èkúté tó ti tutù tí wọ́n yọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí wọ́n sìn nílé. Èyí tí kò bá jẹun, má fi àánú rà á.

4. Ejò gan-an ni kò wọ́n jù nínú ìnáwó náà. Ṣírò àpótí tó ní ìdérí tó le, ibi ìsápamọ́ méjì, ohun tó ń mú ooru wá, tẹ́mósítáàtì tó máa pa á tó bá ti gbóná tó, abọ́ omi, oúnjẹ, àti owó dókítà ẹran. Ejò ilé fẹ́ kí apá kan àpótí gbóná tó 28 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí apá kejì tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí owó rẹ ò bá ká gbogbo ìwọ̀nyí, owó rẹ ò ká ejò. Dúró kó o tọ́jú owó sí i.

5. Ejò ilé lè lo ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ rẹ. Ere lè lo 20 sí 30. Kì í ṣe ohun tí a ń rà lónìí ká tún dà á nù lọ́la. Má sì tú u sílẹ̀ síta láéláé.

6. Fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ ní gbogbo ìgbà tó o bá fọwọ́ kàn án. Kòkòrò Salmonella lè wà lára rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ oko yín wá gbẹ́ òkìtì ọ̀gán tàbí ihò eku láìgba àṣẹ. Oko yín ni. Bí ẹni tó ń gé ọ̀pẹ ṣe ń tọrọ ààyè, kí ẹni tó ń wá ejò náà tọrọ, kí ẹ sì sọ pé rárá. Ẹ jẹ́ ká fohùn ṣọ̀kan lábúlé, nítorí tí ẹnì kan bá kọ̀, tí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbà, ejò tí wọ́n mú níbẹ̀ náà ló ń jẹ eku tiyín. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà, àìkọ́wọ̀ọ́rìn àgbẹ̀ ló ń jẹ́ kí alágbàtà rí wa yàn jẹ. Ẹ wọ bàtà gíga lóko, ẹ tan iná lálẹ́, ẹ má ki ọwọ́ bọ ihò. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má gé ojú rẹ̀, ẹ má fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu, ẹ má so ó pinpin. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà dúró jẹ́ẹ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá.

Ẹ̀yin oníṣòwò: a mọ̀ pé ọjà lẹ̀ ń wá. Ẹ wo ọjà tó ní ìwé, tó ní ọ̀la. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òwò ejò tọkàntọkàn, kó lọ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba, kó sìn ín láti ìran dé ìran bí a ṣe ń sin ìgbín àti ọ̀yà, kó yé gbẹ́ ti ẹlẹ́ni. Ṣe bí bẹ́ẹ̀ náà la ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀yà? Inú igbó nìkan la ti ń pa á tẹ́lẹ̀. Lónìí, àwọn kan ń sìn ín nínú ilé, wọ́n ń jẹun níbẹ̀, ọlọ́pàá ò lé wọn.

A ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó fẹ́ràn ejò. Ẹ lè kórìíra rẹ̀ títí ayé, ìyẹn kàn yín. Ohun tí a bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ta òṣìṣẹ́ yín tí kì í gba owó, kí ẹlòmíràn lè ní nǹkan ìyangàn lówó pọ́ọ́kú. Tó bá wù wọ́n láti sin ejò tí kò wọ́pọ̀, ejò ilé tí wọ́n pa sínú ilé wà lọ́jà wọn. Kí wọ́n lọ ra ìyẹn. Ti oko wa, kó máa gbé oko wa.

Ẹ̀yin tó wà ní Ìmẹ̀kọ, Ìpókíá, Kétu àti gbogbo ẹnubodè, ǹjẹ́ wọ́n ti wá gbẹ́ ihò lágbègbè yín rí? Kí lẹ sọ fún wọn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ká jọ gbọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ mìíràn, pàápàá ẹni tí eku ń dà láàmú lọ́dún yìí.

Iṣẹ́ á máa ṣe é o. Ọwọ́ wa ò ní ká sókè láìrí ìkórè.